Ilé-Ẹ̀kọ́ Bàálù Tí Kò Ṣèlérí

Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà nínú ìwé tí mo gbé síwájú ìyá mi ní pálọ̀ wa ní Bódìjà, láàárọ̀ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ tán. Ẹ̀yìn odi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Mo ti fi bírò pupa yí ọ̀kan po. Mo ti gboyè ní yunifásítì nígbà náà, mo sì ti lo ọdún kan ní ọ́fíìsì kan ní Dúgbẹ̀, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi láti kékeré: kí n wa bàálù. Bàálù ńlá, èyí tó ń kó èrò.

Ìyá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Fíṣíìsì ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ girama, bí wọ́n sì ṣe ń wo ìwé ìdánwò wọn ni wọ́n ṣe wo ìwé tí mo gbé síwájú wọn. Wọ́n fi gíláàsì sójú.

"Kí ló dé tó o yí èyí po?"

"Mọ́mì, ẹ wo fọ́tò wọn. Bàálù tuntun ni gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ń kọ́ọ̀yàn, wọ́n sì máa bá èèyàn wáṣẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Àwọn tó ń ta ọjà náà ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ó dáa. Ẹni tí yóò jókòó tì ọ́ nínú bàálù, òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n ya ewé kan nínú ìwé iléèwé, wọ́n sì kọ ìbéèrè mẹ́rin sórí rẹ̀. A fi wọ́n ránṣẹ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò sì gbàgbé wọn títí di òní. Nínú gbogbo bàálù tí ẹ ní, mélòó ló fò láàárọ̀ yìí? Ta ni yóò kọ́ ọmọ mi, ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀? Ta ni akẹ́kọ̀ọ́ yín tó parí kẹ́yìn, kí ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀? Bí ọmọ mi kò bá mọ̀ ọ́n wà, ta ni yóò sọ fún un?

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo yí po dáhùn lọ́jọ́ náà gan-an. Fọ́tò mẹ́wàá ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọn kò sì dáhùn ìbéèrè kankan. Ìkejì kò dáhùn rárá. Ọjọ́ kẹrin ni ìkẹta tó pè, láti Kánádà. Obìnrin àgbà kan ni.

"Ẹ forí jì mí," ni ó wí fún ìyá mi. "Abẹ́ bàálù ni mo wà láti ìjẹta. Bàálù márùn-ún la ní. Mẹ́ta ló fò láàárọ̀ yìí. Ọ̀kan wà ní títú palẹ̀. Ìkarùn-ún, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo ti dá a dúró."

"Oṣù mélòó ni ọmọ mi máa lò?" ni ìyá mi béèrè.

"Mi ò mọ̀. Ojú ọjọ́ ló ń bá wa pinnu. Ó lè tó ọdún kan àbọ̀."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mi ò lè ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò ní fọwọ́ sí ìwé ẹni tí mi ò lè gbé ọmọ-ọmọ mi lé lọ́wọ́. Ohun mìíràn tún wà, Mà. Kí ó lọ yẹ ojú àti ọkàn rẹ̀ wò lọ́dọ̀ dókítà àwọn awakọ̀ òfuurufú kí ó tó kúrò nílé. Ó dára kí ó gbọ́ 'rárá' lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ju kí ó wá gbọ́ ọ níhìn-ín lọ."

Ìyá mi gbé fóònù sílẹ̀. "Èyí ni," ni wọ́n wí.

"Mọ́mì! Obìnrin yìí ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo máa parí!"

"Ó mọ̀ pé òun ò mọ̀. Mélòó lo rí tó mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó gbà fún wọn. Ohun tó tún jẹ́ kí ó dùn mí ni pé Kọ́ládé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ àlùfáà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Onírèké, òun náà fẹ́ wa bàálù, ilé-ẹ̀kọ́ tí mo yí po yẹn gan-an ló sì gbà lọ. Kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkàn òun balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò dókítà, físà àti ẹrù dídì, ẹni tó ti ṣe é rí ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò ṣe é rí kò pàdánù nǹkan kan. Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú nígbà tí mo dé ni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọmọ ìlú olókè ni mí. Ní Ìbàdàn, ibikíbi tí o bá yíjú sí, òrùlé á wà lórí òrùlé, òkè á sì gba iwájú rẹ. Níhìn-ín, ilẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ títí ó fi pàdé ojú ọ̀run. Oko àlìkámà tí wọ́n ti kórè ni gbogbo rẹ̀. Láàárín oko náà, ilé páànù ńlá kan, ọ̀nà ọlọ́dà kan tí bàálù ń balẹ̀ sí, àti bàálù mẹ́ta tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.

Bàálù tí wọ́n fi máa kọ́ mi kéré ju takisí Máíkírà tó ń ná Challenge sí Ring Road ní Ìbàdàn lọ. Ijókòó rẹ̀ ti bó. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Kọ́ládé fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: òun rèé nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, igi ọ̀pẹ lẹ́yìn rẹ̀, bàálù tó ń dán gbinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wo fọ́tò náà, mo wo ewúrẹ́ mẹ́ta tèmi, mo sì sunkún.

Obìnrin tó bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ló wá pàdé mi. Hẹ́lìn ni orúkọ wọn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa, wọ́n kúrú, ọwọ́ wọn rí bí ọwọ́ mẹkáníìkì. Oògùn kòkòrò ni wọ́n ti ń fi bàálù fọ́n sórí oko baba wọn láti ìgbà èwe wọn kí wọ́n tó di olùkọ́. Bí wọ́n ṣe na ọwọ́ sí mi, orúnkún mi tẹ̀ kí n tó mọ̀. Wọ́n sáré di apá mi mú.

"Ṣé ẹsẹ̀ yọ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, Mà. Mo ń kí yín ni."

"Hẹ́lìn ni kí o máa pè mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Wọ́n ṣàlàyé títí, ó sú wọn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń pe orúkọ wọn gbàgàdà bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Ẹnu mi kò gbà á. Níkẹyìn, mo ń pè wọ́n ní Màmá Hẹ́lìn, wọ́n sì ń dáhùn.

Mo gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Ní ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀, mo ń bó ànàmọ́ ní ilé ìdáná ilé àwọn arúgbó, lọ́jọ́ Sátidé mo ń fọ bàálù. Ọjọ́ Ìsinmi, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kékeré kan tó jẹ́ pé bí mo bá wọlé, a di méjìlá. Wọ́n mọ ohùn orin tí a ń kọ nílé, ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ nìkan ni wọn kò mọ̀. Ní ọjọ́ kan mo gbàgbé ara mi, mo ń fi Yorùbá kọ ọ́ sókè, gbogbo ilé sì dákẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ohùn tèmi nìkan. Ojú tì mí, mo fẹ́ dá a dúró. Ìyá arúgbó tó wà níwájú mi kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ sókè, ó jù ú síwá sẹ́yìn, pé kí n máa bá a lọ. Mo kọ ọ́ dé ìparí.

Nígbà tí òtútù wá dé, mo rí i pé ọmọdé ni ọyẹ́ ilé wa. Iṣẹ́ mi láràárọ̀ ni kí n nu yìnyín kúrò lápá bàálù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, yìnyín náà fẹ́lẹ́, ó rí bí ṣúgà tí wọ́n wọ́n sórí búrẹ́dì. Ọwọ́ mi ti kú. Mo ní kò ṣe nǹkan, mo pe Màmá Hẹ́lìn pé ó ti yá. Wọ́n yọ ìbọ̀wọ́ mi, wọ́n sì gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé apá bàálù náà.

"Báwo ló ṣe rí lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó ń họni díẹ̀, Mà."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Apá tó ń họni kì í gbé bàálù dáadáa. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n kú sídìí èyí, wọ́n mọṣẹ́ jù mí lọ."

Wọ́n bá mi nu ún mọ́ tónítóní, àwa méjèèjì, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí a parí, wọ́n ti ilẹ̀kùn bàálù náà. "O ò ní fò lónìí," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe ìyà. Mo fẹ́ kí o lọ jókòó, kí o rò ó ni."

Ọ̀run mọ́ kedere lọ́jọ́ náà, àwọn yòókù ń fò lórí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo pe ìyá mi, mo rojọ́ Màmá Hẹ́lìn fún wọn dáadáa. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ṣé ó pariwo mọ́ ọ?"

"Rárá."

"Ó bú ọ?"

"Rárá, Mà."

"Ó sì bá ọ nu ún?"

"Ó bá mi nu ún."

"Bá mi kí i," ni ìyá mi wí.

Ẹ̀rọ rédíò inú bàálù tún ni ìyà mìíràn. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá ọkùnrin tó ń fún bàálù láṣẹ láti ilẹ̀ ní ìlú ńlá tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, omi ti lé sí mi lójú, Màmá Hẹ́lìn ló bá mi dáhùn.

"Ohùn rẹ kò ní àbùkù kankan," ni wọ́n wí nígbà tí a balẹ̀. "Ìkánjú ni. O ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀."

Mo rò ó. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń pe nóòtù fún kíláàsì láti kọ: ọ̀rọ̀ kan, ìmí kan, títí yóò fi dé etí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí a tún gòkè lọ, bí ìyá mi ṣe ń pe nóòtù ni mo ṣe sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ó fún mi láṣẹ, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti yí bàálù síbi tó ní kí n yí i sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ṣàkíyèsí ohun kan. Ní ìlú yẹn, wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mo wọ̀ tí wọn kò bi mí pé níbo ni mo ti wá. Bí mo bá ní Nàìjíríà, wọ́n á ní áà, òtútù á máa mú ọ o. Bí mo bá wá pe ilé, àwọn ara ilé á máa pè mí ní ará Kánádà, wọ́n á ní ẹnu mi ti ń yí. Mi ò tí ì di ará ibí, mo sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ ará ọ̀hún. Lójú ọ̀run nìkan ni wọn kì í bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀: níbo lo wà, báwo lo ṣe ga tó, níbo lò ń lọ. Mo ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

Gbígbé bàálù kúrò nílẹ̀ kò ni mí lára. Bíbalẹ̀ ló fẹ́ lé mi padà sílé. Bí ilẹ̀ bá ti ń sún mọ́, ẹ̀rù á bà mí, màá fa bàálù sókè kí àkókò tó tó, á dúró lójú òfuurufú bí ẹni tó ń ronú, á sì já lulẹ̀ gbì! Ìgbáròkó á dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń dá bàálù wà. Wọ́n ń da omi sí wọn lórí, bí àṣà fún ẹni tó kọ́kọ́ dá bàálù wà, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi ṣì ń já lulẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, mo bá Màmá Hẹ́lìn nínú ilé páànù náà.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo lè ṣe é?"

Wọ́n nu ọwọ́ wọn. "Mi ò tí ì mọ̀," ni wọ́n wí. "Bí mo bá mọ̀ pé o ò lè ṣe é, ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Mo ti sọ ọ́ fún ìyá rẹ pé èmi ni màá sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí lọ́kàn, síbẹ̀ ó fi mí lọ́kàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé àga onígi kan fún mi, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí etí ibi tí bàálù ti ń balẹ̀, kí n jókòó síbẹ̀, kí n máa wò. Kí n má ṣe kọ nǹkan kan sílẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora jókòó nínú koríko gbígbẹ, tí mo ń wo bàálù tó ń bọ̀, tó ń kọjá. Ní wákàtí kìíní mo ń wo táyà. Ní wákàtí kejì mo ń wo apá. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú àwọn tó ń wà á. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó balẹ̀ jẹ́jẹ́ tó ń wo ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Òpin ọ̀nà lọ́hùn-ún ni gbogbo wọn tẹjú mọ́.

Mo sáré gbé àga náà padà. "Mà! Mo ń wo ìsàlẹ̀! Ìsàlẹ̀ ni mo ń wò!"

"Mo ti sọ ọ́ fún ọ ní ogún ìgbà," ni wọ́n wí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dára tí ìwọ náà wá sọ ọ́ fún mi."

Ní ọjọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn tí a balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìjá, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n tì í, wọ́n ń lọ láìbojú wẹ̀yìn. Mo ní, "Mà, níbo lẹ̀ ń lọ?" Wọn kò gbọ́. Ìgbà náà ló yé mi pé èmi nìkan ló kù. Mo gbé e sókè. Láìsí wọn, bàálù náà fúyẹ́, ó sáré gòkè bí ẹyẹ tí wọ́n jù sílẹ̀. Mo yípo oko náà lẹ́ẹ̀kan, mo ń fi Yorùbá sọ gbogbo ohun tí mo ń ṣe fún ara mi: ó yá, dẹ ẹ́ díẹ̀, wo iwájú, wo iwájú. Ó balẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo fi fídíò pe ìyá mi, omi tí wọ́n dà sí mi lórí ti ń di yìnyín nínú irun mi. Ìyá mi gbé fóònù náà yípo pálọ̀, bí ẹni pé kí àga àti tábìlì náà rí mi.

Oṣù kejì lẹ́yìn náà ni Kọ́ládé pè mí. Fọ́tò rẹ̀ kò tí ì yéé wá. Nínú èyí tó dé kẹ́yìn, ìlà wúrà mẹ́rin ti ọ̀gá awakọ̀ ló wà ní èjìká rẹ̀. Mo ti ń pè é ní Kápítéènì.

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ni ó wí. "Ó ti pé oṣù márùn-ún tí mo ti fò kẹ́yìn. Nínú bàálù wọn, méjì kò ní ẹ́ńjìnnì nínú. Olùkọ́ tó kù ti bá tirẹ̀ lọ. Èyí tí mo máa ń dúró tì, gbígbé ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún fọ́tò."

"Ìlà èjìká ńkọ́?"

"Mo yá a ni."

Kò sí ẹni tó mọ̀ nílé. Bàbá rẹ̀ ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ti di awakọ̀ bàálù. Ó ní òun ti ń ronú láti máa ya fọ́tò náà lọ bẹ́ẹ̀, títí Ọlọ́run á fi ṣe nǹkan kan. Òtútù mú mi ju ti ìta lọ. Èmi náà ni mo fi bírò pupa yí orúkọ yẹn po. Bí kì í bá ṣe ìyá mi, àwa méjèèjì là bá jọ máa yá ìlà èjìká wọ̀.

Mo sọ fún Màmá Hẹ́lìn. Wọ́n ní kí Kọ́ládé ya fọ́tò ìwé tó ń kọ wákàtí tó ti fò sí, kí ó fi gbogbo ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n jókòó tì í pẹ̀lú gíláàsì àti pẹ́ńsù fún ìrọ̀lẹ́ kan. "Wákàtí rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kò fi ọ̀kan lé e," ni wọ́n wí. "Ẹni tí kò purọ́ sínú ìwé yìí, mo lè kọ́ ọ. Bí yìnyín bá yọ́, àyè kan yóò ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ fún bàbá rẹ̀. Mi ò gba ẹni tí ilé rẹ̀ kò mọ ibi tó wà."

Kọ́ládé kò lè sọ ọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, ó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù. Ní ìparí, mo bẹ ìyá mi. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ láti Bódìjà, wọ́n lọ jókòó ti bàbá àgbà náà ní Onírèké. Ìyá mi kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá. Wọ́n kàn pe Kọ́ládé lórí fóònù, wọ́n ní, "Bàbá rẹ rèé. Mo jókòó tì wọ́n. Ó yá, sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ìyá mi ní bàbá náà gba fóònù náà lọ́wọ́ àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: "Kọ́ládé, èmi ni mo dúró níwájú ìjọ sọ̀rọ̀, ìwọ kọ́. Èmi ni màá padà lọ sọ fún wọn pé ó ṣì kù. Ìwọ lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ."

Wọ́n sì lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹnu ara wọn. Mo ti mọ àlùfáà náà láti kékeré, mi ò sì tí ì bọ̀wọ̀ fún wọn tó ọjọ́ náà rí.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Kọ́ládé dé. Ó wo bàálù tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ó wo mí. "Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹ́ńjìnnì?" ni ó béèrè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fọwọ́ pa imú ọ̀kan bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni mo lò kí n tó gba ìwé àṣẹ mi. Mi ò bọ́ sínú bàálù ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Apá àríwá ni mo kọ́kọ́ lọ, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò, mo ń fi bàálù elérò mẹ́jọ gbé lẹ́tà, oúnjẹ, àti àwọn aboyún tó ń lọ bímọ. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo lè fi ẹnu sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ bàálù kan tó pè mí fún àyẹ̀wò, wọ́n sì gbà mí sí ijókòó ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí igbákejì ọ̀gá awakọ̀ ń jókòó. Kọ́ládé náà wà ní àríwá báyìí. Àwọn aboyún ló ń gbé.

Ìgbà ìkórè tó kọjá, Màmá Hẹ́lìn pè mí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, ti ọjọ́ náà tún kéré. Dókítà ti wo ọkàn wọn. Wọn kò gbọdọ̀ dá bàálù wà mọ́ láé.

Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ. Mo bá wọn lórí àga nínú ilé páànù náà, bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò tí kò ní í wá. A jọ mu tíì. Nígbà tó yá, mo dìde.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n gbé yín jáde."

"Níbo?"

"Ibi tó bá wù yín."

Wọ́n wo ojú ọ̀run fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ dára gan-an. "Ìwọ ni awakọ̀," ni wọ́n wí. "Ibi tó bá wù ọ́."

Wọ́n wọlé sápá ọ̀tún, wọ́n de ara wọn mọ́jókòó, wọ́n kó ọwọ́ wọn lé itan. Mo gbé e sókè. Mo gba orí oko baba wọn kọjá, mo gba orí odò kan, mo gba orí ṣọ́ọ̀ṣì àwa méjìlá. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti sọ gbogbo àlìkámà náà di pupa bí idẹ. Mo ń tọ́ka sí nǹkan, mo ń sọ̀rọ̀, nígbà tí mo kíyè sí i pé wọn kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀rù bà mí. Mo yíjú.

Oorun ni wọ́n ń sùn. Orí wọn ti fara ti fèrèsé, ẹnu wọn là díẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ṣì wà lórí itan. Ogójì ọdún ni obìnrin yìí ti fi jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú bàálù, kò sì sí ẹni tó rí wọn kí wọ́n di ojú lẹ́ẹ̀kan rí.

Mo yípo lẹ́ẹ̀kan sí i kí oorun náà lè pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo dín ìró ẹ́ńjìnnì kù, mo tẹjú mọ́ òpin ọ̀nà, mo sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n má bàa jí.